Omi Tí A Dà Nù Lọ́nà Gálílì

Ní ìjọ wa, lẹ́bàá Táíwò Road, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Ọjọ́ Àjíǹde ni à ń pè ní Gálílì. Áńgẹ́lì tó wà níbi ibojì sọ fún àwọn obìnrin pé Jésù ti ṣáájú wọn lọ sí Gálílì, pé níbẹ̀ ni wọn yóò ti rí i. Nítorí náà, àwa náà a máa jáde kúrò nílé ìsìn, a óò fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú orin lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Níbẹ̀ ni a óò ti ka Bíbélì, tí a óò jẹun, tí àwọn ọmọ yóò sì sáré ìje. A kì í padà sílé títí di ìrọ̀lẹ́, tàwa ti eruku lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà náà kò jìn. Bí a bá ti kúrò lójú títì, a óò yà sí àdúgbò kan tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí ilé méjì tàbí mẹ́ta, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Ìlọrin ló ni gbogbo ilé tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dí wa lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wọn a tiẹ̀ máa bá wa jó títí a ó fi yí kọ́nà.

Ní kọ́nà yẹn gan-an ni ilé obìnrin àgbà kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ààfáà. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ààfáà ló dá ilé-kéú sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ Kùránì. Nígbà tí ọkọ kú, àbúrò ọkọ ń bá ẹ̀kọ́ náà lọ, ìyá sì ń bójú tó àwọn ọmọ. Ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ṣáájú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, aláboyún kan nínú ìjọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú nínú oòrùn lójú ọ̀nà Gálílì. Ìyá Ààfáà gbé àga fún un, ó bu omi fún un, ó sì ní àwa tó kù kò gbọdọ̀ kọjá láìmu. Láti ọdún náà, bí a bá ti ń bọ̀, a óò bá dúróòmù omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, àti kọ́ọ̀pù ike lórí tìréè. Ìyá fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró tì í. Kò fi í rán ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ìyá yìí ti ṣe fún mi. Tíṣà ni mí. Ọ̀mù-Àrán ni àwọn òbí mi ti wá. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ láti kékeré, ìjọ ló ràn mí lọ́wọ́ tí mo fi lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, Ọlọ́run kò sì fi mí sílẹ̀ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìlọrin, n kò ní ẹbí kankan nítòsí, ibi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sì jìnnà sílé. Ilé wa kò ju ilé mẹ́rin lọ sí ti Ìyá Ààfáà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àkọ́bí mi máa ń wà títí n óò fi dé. Orí ẹní rẹ̀ ló ń sùn, inú àwo rẹ̀ ló ti ń jẹun. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀ nínú àdúrà òwúrọ̀ mi. Mo sọ èyí kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé n kò mọ ẹni tí mo ṣe é sí.

Ní ọdún tí mò ń sọ, Àjíǹde bọ́ sínú ààwẹ̀ Ràmàdánì. Lẹ́ǹtì tiwa kò tíì parí tí tiwọn fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ààfáà sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Ẹ kú ààwẹ̀, Ìyá," èmi náà a wí bí mo bá ń kọjá.

"Ìwọ náà kú ààwẹ̀, Tíṣà mi. Ṣùgbọ́n irú ààwẹ̀ wo ni tìrẹ, tí mò ń gbóòórùn dòdò láti ilé rẹ lọ́sàn-án?"

"Àwọn ọmọ ló ń dín dòdò, Ìyá."

"Ọmọ ló dín in. Ta ló jẹ ẹ́?"

Òjò pẹ́ lọ́dún náà. Ẹ̀rọ omi kò sun, àwọn kànga àdúgbò ti gbẹ débi pé ẹrẹ̀ ni wọ́n ń fà. Ẹni tó bá fẹ́ omi tó mọ́ ní láti lọ tò síbi ẹ̀rọ borehólù kan tó wà lẹ́yìn àdúgbò.

Nínú Lẹ́ǹtì yẹn kan náà ni ìjọ wa pe oníwàásù kan láti ìta fún ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ní ọjọ́ kejì, ó ní ọ̀pọ̀ Kristẹni ni àdúrà wọn kò gbà nítorí ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń mu lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Kò dárúkọ ẹ̀sìn kankan, gbogbo wa sì mọ ibi tó ń lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ni. Ìyá tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi, bí ó bá gbàdúrà, gbogbo ilé ìsìn a dáhùn. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ń wá ohun tí n óò ṣe tí wọn yóò fi mọ̀ pé èmi náà kò sùn nínú ẹ̀mí. Bó ṣe rí nìyẹn. N kò fẹ́ fi oníwàásù náà bojú.

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ lọ dáadáa. A gbé imọ̀ ọ̀pẹ yí ilé ìsìn ká. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, a wọ dúdú, a jókòó láti aago méjìlá títí di aago mẹ́ta, èmi ni mo ka ẹ̀kọ́ kẹta, ohùn mi kò sì gbọ̀n. Ní Sátidé, àwa ìyá fọ aṣọ pẹpẹ, a fi sítáàṣì sí i, a lọ̀ ọ́ títí ó fi le bí pákó. Ní ọjọ́ Àjíǹde, pásítọ̀ wa ké pé Kírísítì jíǹde, a dáhùn pé ó jíǹde nítòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, tí àwọn ẹyẹ orí òrùlé fi fò lọ. Mo gba ara àti ẹ̀jẹ̀ Olúwa lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ní ọjọ́ Ajé, mo ṣe ohun tí mo ṣe.

Ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi àti akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Challenge, lọ yẹ ọ̀nà wò, kí a lè mọ ibi tí gọ́tà ti là, kí ọmọ kankan má ṣubú sí i. Nígbà tí a dé kọ́nà, dúróòmù omi ti wà níta, wọn kò tíì bò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ, àwọn ọmọ kéú mẹ́rin ń fọ wàláà, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi tàdáwà kọ ẹsẹ Kùránì sí. Omi dúdú ń ṣàn láti ara pákó sínú báàfù. Ọmọbìnrin kan lára wọn na ọwọ́ sínú dúróòmù, ó bu omi, ó dà á sórí wàláà tirẹ̀.

Akọ̀wé dúró. "Màmá, ṣé ẹ rí nǹkan tí mo rí?"

"Kí lo rí?"

"Hàǹtú nìyẹn."

Omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára wàláà ni wọ́n ń pè ní hàǹtú. Àwọn kan a máa mu ún fún ìwòsàn tàbí kí ẹ̀kọ́ lè tètè yé wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé lójoojúmọ́ ayé ni ọmọ kéú ń fọ wàláà, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń nu pátákó, nítorí pé ó ti mọ ẹ̀kọ́ àná, ó sì fẹ́ kọ tòní. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rí i lójú ọ̀nà yẹn.

"Ṣé inú dúróòmù ni wọ́n ń dà á sí?" ni mo bi í.

"Bí kì í bá ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, kí ni wọ́n gbé e wá síbẹ̀ ṣe?"

N kò rin ìgbésẹ̀ mẹ́ta náà lọ wò ó. N kò kan ilẹ̀kùn ilé tí mo máa ń wọ̀ láìkágò. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé ohun tí mò ń wá nìyí.

Lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, mo kó àwọn ìyá jọ sẹ́yìn ilé ìsìn, mo sọ ohun tí a rí fún wọn, mo sì fi kún un. Mo ní wọ́n ń dà á sínú omi wa. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má kọ̀ ọ́ lójú ìyá náà, nítorí pé Kristẹni kì í dójú ti aládùúgbò. Kí olúkúlùkù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ó yíkàá díẹ̀, kí ó dúpẹ́, kí ó gbé kọ́ọ̀pù kan ẹnu. Kí ó má mu. Bí a bá ti yí kọ́nà, kí a dà á sí gọ́tà. Mo ti ní kí ọkọ̀ tó gbé oúnjẹ wa dúró níwájú pẹ̀lú omi inú ọ̀rá.

"Màmá, bí òùngbẹ bá wá ń gbẹ mí gan-an ńkọ́?" ni ìyá kan bèèrè. Ẹni tó ń ta ata lọ́jà ni, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

"Ṣé o kò lè fara dà á títí dé kọ́nà ni?"

"Mo lè fara dà á. Ẹ̀yin ṣáà ni kí ẹ bá mi bẹ ọ̀nà ọ̀fun mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Mo rò pé bí olórí ṣe ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tí a dé kọ́nà, oòrùn ti gòkè. Ìyá Ààfáà dúró ti dúróòmù rẹ̀, ó fi ìborùn funfun bo orí. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé láti ìdájí ni omi kò ti kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò sì ní kàn án títí di ìrọ̀lẹ́.

"Ẹ̀yin ará Gálílì, ẹ kú ọdún o. Ẹ kú ìrìn. Ẹ yà síbí, ẹni kan kò gbọdọ̀ fò mí."

Ó ń bu omi, ọmọ rẹ̀ obìnrin, abilékọ kan tó wá bá a gbààwẹ̀, ń pín in. Àwọn ìyá ń gbà á, wọ́n ń yíkàá, wọ́n ń dúpẹ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn. Ó kan èmi. Ìyá gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní òun fúnra òun ni yóò fi tèmi lé mi lọ́wọ́.

"Wọ́n sọ fún mi pé ìwọ ni olórí lọ́dún yìí. Gbà. Mu ún lójú mi. Ojú ni èmi fi ń mu omi títí oòrùn yóò fi wọ̀, jẹ́ kí ọkàn tèmi náà tutù."

Kò sí bí mo ṣe lè gbé kọ́ọ̀pù náà kan ẹnu lásán, nítorí pé ó dúró síwájú mi, ó ń wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ń jẹun. Mo mu ẹnu kan. Mo fi í sẹ́rẹ̀kẹ́, mo ṣe bí ẹni tó gbé e mì.

"Àlùbáríkà," ni Ìyá Ààfáà wí.

Ó yẹ kí n ṣe àmín. N kò lè la ẹnu, nítorí pé omi rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo mi orí, mo rìn lọ.

Bí mo ti yí kọ́nà, mo tu ú sí gọ́tà. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn mi ń da tiwọn. Gọ́tà náà ti gbẹ láti ìgbà tí òjò ti dá, omi náà sì ń dún bó ṣe ń bọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ Ìyá Ààfáà ló dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú tìréè. Ó tẹ̀lé wa wá láti gba kọ́ọ̀pù. Omi ṣì wà ní àgbọ̀n mi.

Ó wo gọ́tà, ó wò mí. "Láti ẹ̀yìn sààrì ni mo ti ń pọn ọ́n," ló wí. Oúnjẹ ìdájí tí wọ́n ń jẹ kí ààwẹ̀ tó mú ni sààrì. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá mi jà, ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà, ó na tìréè sí wa. "Ẹ kó kọ́ọ̀pù wá."

A kó o fún un, lẹ́yọ lẹ́yọ. Akọ̀wé wa fi aṣọ nu tirẹ̀ kó tó gbé e lé e.

Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ ìyànjú ní pápá. Mo sọ bí Jésù ṣe máa ń ṣáájú wa dé ibi tí a kò rò. Mo ń sọ ọ́, n kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí a ń jẹun, mo gbọ́ ohùn aláta yẹn lẹ́yìn mi.

"Èmi mu tèmi o."

"Màmá ṣáà ní kí á má mu," ni ẹlòmíì dá a lóhùn.

"Ṣé Màmá ni òùngbẹ ń gbẹ ni? Mo wo inú kọ́ọ̀pù kí n tó mu. Omi tó mọ́ lóló. Tàdáwà wo ló wà níbẹ̀?"

Èmi pẹ̀lú ti rí inú kọ́ọ̀pù mi. Omi náà mọ́ débi pé mo rí ìka ọwọ́ mi ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo rí i kí n tó gbé e sẹ́nu, mo sì tu ú síbẹ̀ náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá pásítọ̀ wa. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ó gbọ́ mi tán, ó fi ọwọ́ nu ojú.

"Ṣé ìyá náà mọ̀?"

"Ọmọ rẹ̀ mọ̀, sà."

"Ọmọ náà lè má sọ ọ́. Màmá, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀. Ẹ mọ bí ìlú yìí ṣe rí, ọ̀rọ̀ kékeré a máa di ńlá. Ẹ gbàdúrà sí i."

Ìmọ̀ràn rere ni fún ẹni tó fẹ́ sá, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ síbi iṣẹ́, ọ̀nà tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jìn sí i, kí n má baà kọjá níwájú ilé kan. Mo gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run ni pé kí ọmọ náà má sọ.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa. Àwo ìrẹsì àti ẹran adìyẹ láti ọ̀dọ̀ Ìyá Ààfáà ni, bó ṣe ń rí lọ́dọọdún, ó fi àwo mìíràn dé e, ó sì fi aṣọ di í. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ jẹ ẹ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń wò wọ́n.

A kì í dá àwo padà lófìfo. Mo to ẹyin sínú rẹ̀, mo sì gbé e lọ fúnra mi, nítorí pé kò sí ọmọ tí mo lè fi rán síbi tí èmi ń sá fún.

Ó wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Mo rò pé o ti kó padà sí Ọ̀mù-Àrán ni," ló wí.

"Ìyá, mo wá tọrọ àforíjì."

"Kí lo ṣe?"

Ó mọ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó mọ̀, ó fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ ni. Mo ní àwọn ìyá ìjọ kan da omi rẹ̀ nù.

"Àwọn ìyá ìjọ kan," ni ó tún un wí, bí èmi náà ṣe máa ń tún ìdáhùn tí kò pé wí fún ọmọ kíláàsì.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dà á."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló dé?"

"Mo rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fọ wàláà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé hàǹtú ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín gan-an, ó fi etí ìborùn nu ojú. "Hàǹtú. Tíṣà, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá tọrọ rẹ̀ sínú ìgò kékeré. Èmi yóò wá pọn ọ́n kún dúróòmù fún odidi ṣọ́ọ̀ṣì, láìsí ẹni tó bèèrè? Omi wàláà wa, ìdí igi ọsàn yẹn là ń dà á sí, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́. O kò rí i rí?"

"Mo ti rí i, Ìyá."

"Ọdún mélòó lo ti ń mu omi ilé yìí?"

"Ó ti lé lógún."

"O ti di Mùsùlùmí?"

"Rárá, mà."

"Bó bá jẹ́ pé omi ní í sọ èèyàn di Mùsùlùmí, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì kankan ì bá kù ní Ìlọrin?"

N kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Ó rí i. Ó ń fa tẹ̀sùbáà láàrin ìka rẹ̀.

"Omi kọ́ ló dùn mí. Omi a máa dànù. Ṣùgbọ́n tíṣà ni ọ́. Ohun tí o bá sọ, wọ́n á lọ sọ ọ́ nílé. Àwọn obìnrin yẹn ti sọ fún àwọn ọmọ wọn pé omi ilé mi kò ṣeé mu. Àwọn ọmọ náà á sọ fún ọmọ tiwọn, èmi á ti kú, n kò ní lè jáde wá sọ pé irọ́ ni." Ó gbé àwo ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àforíjì, mo ti fi fún ọ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí o kọ́, lọ bá wọn."

Mo ní mo gbọ́. Mo ṣèlérí fún un lórí eékún mi.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e, mo dìde. Àwọn ìyá bí ogójì wà níbẹ̀, akọ̀wé jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Mo ní ó jọ pé àṣìgbọ́ kan wáyé lórí ọ̀rọ̀ omi Gálílì, pé kí a máa fi ìfẹ́ ro àwọn aládùúgbò wa. Mo jókòó. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé olórí sọ̀rọ̀ lórí omi. A bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àga ìjọ tó ṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan ṣe lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí a bá ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, pásítọ̀ a ka ìpè náà, pé kí ẹni tó wà ní àlàáfíà pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ súnmọ́ tòsí. Èmi a dìde nínú aṣọ funfun mi, n óò ṣáájú àwọn ìyá lọ síwájú pẹpẹ. N kò fò ó lẹ́ẹ̀kan. Ì bá dára bí mo bá ti jókòó, ṣùgbọ́n bí olórí bá jókòó, àwọn èèyàn yóò bèèrè ìdí.

Ní ọdún kejì, Àjíǹde tún bọ́ sínú ààwẹ̀ wọn. Nígbà tí a dé kọ́nà, kò sí dúróòmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìyá Ààfáà jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sí wa, bí a ṣe ń gbé ọwọ́ sí ẹni tó ń kọjá lọ. Àwọn ìyá dá a lóhùn, wọn kò dá orin dúró. Mo rí i pé ara ti tù wọ́n. Àwọn ọmọ ìjọ wa tó wà níwájú ti yí kọ́nà, kò sí èyí tó wo ilé náà. Ọmọ tó bá jẹ́ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lára wọn kò ní rántí pé omi ti wà níbẹ̀ rí, àfi èyí tí ìyá rẹ̀ bá sọ ìdí tí a kì í fi í mu ún fún.

Mo gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí orin tó kú. Mo ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ padà. Mo dúró sójú ọ̀nà, Ìyá Ààfáà wà lẹ́yìn mi, n kò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo sọ pé wọ́n da omi wàláà sínú omi tí ìyá yìí fún wa. Mo ní n kò rí i kí wọ́n dà á síbẹ̀, n kò lọ wò ó, n kò bèèrè. Mo ní irọ́ ni. Mo ní èmi ni mo kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kí wọ́n tó dà á nù, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé omi ilé yìí kò dára, kí ó sọ fún un lónìí pé èmi ni mo purọ́.

Akọ̀wé ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá kan kùn lẹ́yìn pé oòrùn ń mú, kí a máa lọ. Mo rò pé mo ti sọ ọ́ tán, mo sì yí padà.

Ọmọ Ìyá Ààfáà ti jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Tíṣà," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ kò sọ ti èyí tí ẹ tu."

Ìyá Ààfáà yí orí wò ó. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọmọ náà ti ro ti gọ́tà fún un, ṣùgbọ́n kò ro ti ẹnu mi. Ọdún kan gbáko ló fi bò ó mọ́ra nítorí ìyá rẹ̀. Ìyá náà gbà pé mo mu tèmi. Ó gbà pé èmi nìkan, nínú gbogbo wọn, mo mu tèmi lójú òun.

Mo kọjú sí i, mo sọ ọ́. Mo ní mo fi í sẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tó ń wò mí, pé ìdí nìyẹn tí n kò fi ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀, pé mo tu ú sí gọ́tà nígbà tí mo yí kọ́nà. Ohùn mi gbọ̀n. Àwọn ìyá gbọ́, àwọn ọmọ gbọ́, àwọn ará àdúgbò tó ti jáde wá wòran náà gbọ́.

Ìyá Ààfáà wo ẹnu mi, bí ẹni pé omi náà ṣì wà níbẹ̀.

"Mo gbọ́," ló wí. "Ẹ máa lọ, oòrùn ti ń le."

A lọ. Kò sí ẹni tó dá orin títí a fi dé pápá.